Kábíyèsí Kì í Ṣàṣìṣe Nínú Ìwé

Iṣẹ́ àtúnṣe ìwé ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbọ́ bùkátà mi báyìí ni ìwé ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọba. Ọba pé ọgọ́rin ọdún, wọ́n á fẹ́ ìwé. Ó pé ogún ọdún lórí ìtẹ́, wọ́n á fẹ́ ìwé. Ó wàjà, àwọn ọmọ á fẹ́ kí ìwé jáde kó tó pé ọdún kan. Mo ti bá wọn kọ, mo ti bá wọn tún èyí tí ẹlòmíì kọ ṣe, mo sì ti ka ọ̀pọ̀ tí kò kàn mí rárá, torí ẹni tó ń ránṣọ a máa wo aṣọ tó wà lọ́rùn ẹlòmíì.

Ohun kan náà ni mo ń bá pàdé nínú wọn: ọba tí kò ṣàṣìṣe rí. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. Nílé ìwé, òun ló ń ṣe ipò kìíní. Ó ṣòwò, ó jèrè. Wọ́n ní kó wá jọba, ó kọ́kọ́ kọ̀, Ifá ló fàáké kọ́rí pé òun lòun mú. Ó gorí ìtẹ́ tán, iná dé, ọ̀dà dé ojú títì, gómìnà wá kí i, wọ́n ya fọ́tò. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò lórúkọ. "Àwọn kan" ni wọ́n ń jẹ́. Ẹjọ́ oyè tí wọ́n bá a fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó jẹ owó, tó tú ẹbí ká, gbólóhùn kan péré ló gbà nínú ìwé: "lẹ́yìn oríṣiríṣi ìdánwò."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìyìn yẹn gan-an kò bí mi nínú. Ọmọ Yorùbá ni wá, oríkì la fi ń jí ọmọ. Akígbe tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin láàárọ̀ tó ń ki Kábíyèsí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé oríkì ló ń ké. Oríkì a sì máa sọ òótọ́ tí ìwé kò jẹ́ sọ. Ó lè pe baba ńlá ọba ní apani, ní ajólé-onílé, kó dárúkọ ìlú tó sọ di ahoro, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ kó máa mi orí, kó máa náwó. Ẹ wá gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle tó kún fún fọ́tò aláràbarà, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá wọ́n á san ìyókù owó yín.

Ìyìn hàn sójú. Ẹni tó ń kà á mọ̀ pé ìyìn ni, á sì yọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí kì í hàn ni ohun tí wọ́n yọ kúrò, àti ẹni tí wọ́n yọ kúrò. Ibẹ̀ ni mo ti ń wá ojúsàájú báyìí, kì í ṣe nínú àwọn "ọba ọlọ́gbọ́n, ọba ọlọ́làjú" tó kún ojú-ìwé kìíní.

Ìlú kan lápá Ọ̀ṣun ló là mí lójú sí i. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ fún ìwé Kábíyèsí wọn: olóyè mẹ́ta, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ akọ̀wé, àti ọmọ Kábíyèsí kan tó ń gbé l'Ékòó. Mo kọ orí tó dá lórí àwọn ọba tó ti jẹ sẹ́yìn, mo to orúkọ wọn. Láàárín ọba méjì kan, mo fi ọkùnrin kan sí i. Nígbà tí àwọn afọbajẹ kò lè fẹnu kò, òun ló di ààfin mú fún bí ọdún mẹ́fà. Ìwé àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tó wà nílé àkójọ ìwé ìjọba n'Íbàdàn pè é ní ọba. Àwọn ará ìlú ń pè é ní adelé. Ọjà tí wọ́n ń ná títí dòní, òun ló là á.

Nígbà tá a jókòó lé ìwé náà, akọ̀wé yìí mú báírò, ó fi rúlà sábẹ́ ọwọ́, ó fa ìlà gba àárín orúkọ náà kọjá. Ìlà tó gún régé.

"Ìyá oníwèé, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ yìí?"

"Bàbá, mo rí i nínú ìwé ìjọba. Àwọn ìyá ọlọ́jà náà sì dárúkọ rẹ̀ fún mi."

"Ó jókòó ni. Kò jọba."

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà? Pé ó jókòó, kò jọba?"

Ó wò mí látòkè awò ojú rẹ̀. "Ẹ má kọ ọ́ rárá."

Olóyè kan tó sìn mí dé ìdí ọkọ̀ ló ṣàlàyé. Àwọn ọmọ-ọmọ adelé yìí ti wà ní kóòtù, wọ́n ní kí wọ́n ka ìdílé àwọn mọ́ ìdílé tó ń jọba. Bí ìwé Kábíyèsí bá wá lè dárúkọ bàbá wọn láàárín ọba sí ọba, ọwọ́ lọ́yà wọn ni ìwé náà máa bọ́ sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Láti ìgbà òfin oyè jíjẹ tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ṣe ní 1957 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn ìdílé tó lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti bí yóò ṣe máa kárí wọn. Ìdílé tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ọmọ wọn lè dádé lọ́la. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ó di kóòtù. Ní kóòtù, ìtàn ni ẹ̀rí. Ohun tí mo pè ní orí kejì ìwé, ẹ̀tọ́ sí ìtẹ́ ni àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ń pè é.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n fojú kan Kábíyèsí fúnra rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, níṣojú akọ̀wé. Kábíyèsí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjà tí bàbá yẹn là ni ìyá mi ti ta ẹ̀kọ tó fi rán mi níléèwé. Ẹ kọ ọ́." Níkẹyìn, orúkọ bàbá náà kúrò nínú àtòjọ àwọn ọba, ó bọ́ sínú orí tó sọ nípa ọjà, pẹ̀lú iye ọdún tó fi wà láàfin. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé lọ́yà ọ̀tún àti ti òsì ló ní fótókọ́pì ojú-ìwé yẹn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ pé ìtàn ọba jẹ́ ẹ̀rí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí òfin 1957. Ní 1903, nígbà tí Akárígbò àti Ẹlẹ́pẹ́ ń bá ara wọn fà á ní Rẹ́mọ lórí ẹni tó yẹ kó dé adé onílẹ̀kẹ̀, Gómìnà MacGregor ránṣẹ́ sí Ifẹ̀. Ọọ̀ni Adélékàn Olúbùṣe Kìíní ló dìde wá sí Èkó fúnra rẹ̀ wá sọ ẹni tó gba adé látọ̀dọ̀ Ifẹ̀ àti ẹni tí kò gbà á. Wọn ò wá ìwé kà. Ẹnu ọba ni wọ́n fi ṣe ìwé. Láti ọjọ́ náà wá, kò sí ìlú kékeré kan tí kò fẹ́ kí ìwé ìtàn ọba tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti ilé Odùduwà, ní títẹnumọ́ ọn pé adé ni wọ́n gbé bọ̀, kì í ṣe àkẹtẹ̀.

Ìwé tó kọ́ mi bí a ṣe ń ka irú ìtàn báyìí ni The History of the Yorubas, ti Àlùfáà Samuel Johnson. Kò sí ẹni tó ń kọ nǹkan nípa ọba Yorùbá tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè, èmi náà jẹ ẹ́. Wọ́n bí i ní Sàró ní 1846, Ìbàdàn ló dàgbà sí, Ọ̀yọ́ ló ti ṣe àlùfáà títí ó fi kú ní 1901. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sókè òkun, ó sọnù síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ tó tún un kọ. Nígbà tí ìwé yóò fi jáde ní 1921, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti kú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n rántí ìyẹn kí wọ́n tó máa wá àléébù ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n àléébù wà. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin, àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ló sì ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn àtijọ́. Ẹni tó ń jẹun ààfin ló sọ ọ́, ọmọ ààfin ló kọ ọ́. Nínú ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ rí orin yìí lákọsílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wà lẹ́nu àwọn àgbà: "Láyé Abíọ́dún la fi igbá wọn owó, láyé Awólẹ̀ la di àdìkálẹ̀." Orin dídùn ni. Mo mọ̀ ọ́n kó tó di pé mo mọ̀ pé Awólẹ̀ ni Aláàfin tó jẹ tẹ̀lé Abíọ́dún.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó bi ara mi léèrè pé níbo ni owó tí wọ́n ń figbá wọ̀n yẹn ti wá. Ẹ̀ka tó lówó lórí jù lọ nínú òwò Ọ̀yọ́ nígbà ayé Abíọ́dún ni òwò ẹrú, Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, sì ni wọ́n ń gbé wọn gbà. Owó ẹyọ ló ń padà bọ̀. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò sí lára "a" tó wà nínú "la fi igbá wọn owó." Ìgbà ayé Abíọ́dún yìí kan náà ni àwọn Ìbàrìbá ṣẹ́gun ogun Ọ̀yọ́ ní 1783, ìgbà rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn sì fi ìdìtẹ̀ Líṣàbí àti àwọn Ẹgbá sí. Abíọ́dún kú ní 1789. Ilé tó fi sílẹ̀ ti sán kí Awólẹ̀ tó wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí Awólẹ̀ ni orin fi gbogbo rẹ̀ lé. Ọba kan gba igbá owó, èkejì gba ẹ̀bi.

N kò gbèjà Awólẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé kó tó jọba, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú lọ́jà Apòmù, wọ́n sì jẹ ẹ́ níyà níbẹ̀. Nígbà tó dé orí ìtẹ́, Apòmù tí í ṣe ìlú abẹ́ Ifẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbógun lọ. Johnson náà ló kọ bí ó ṣe parí: ọba bọ́ sí àgbàlá ààfin, ó ta ọfà sí ìhà mẹ́ta, ó ní ibi tí ọfà òun lọ ni wọ́n á máa kó àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ lẹ́rú lọ. Ó gbé àwo, ó là á mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá. Igbá fọ́, a lè lẹ̀ ẹ́. Àwo fọ́, kò ṣeé lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ òun ó rí. Mo ti ka ibẹ̀ léraléra, ó ṣì ń ṣe mí bákan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹrú tí Awólẹ̀ tà ní orúkọ ọjà, ó ní ìyà, ó ní ẹ̀san. Ẹrú tí wọ́n tà láyé Abíọ́dún di owó inú igbá.

Baṣọ̀run Gáà, olórí àwọn olóyè ńlá Ọ̀yọ́, náà ńkọ́? Òun ló ń fi ọba jẹ tó sì ń pa wọ́n, kí Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. A kò ní ìtàn kankan tí ó ti inú ilé Gáà wá tó ṣàlàyé ohun tí àwọn ọba yẹn ṣe tàbí tí wọn kò ṣe. Gáà kò ní arọ́kin.

Ibi tí ojúsàájú Johnson ti ń dun àwọn ènìyàn jù ni ti Ifẹ̀. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí Ọ̀rànyàn ń lọ, ó fi ìtọ́jú àwọn ojúbọ sílẹ̀ fún Adìmú, ọmọ obìnrin kan tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ, ó sì ní "Ọmọ Olúwo ni" ni ó di Ọọ̀ni. Nígbà tó dé orí Ìjẹ̀bú, ó tún mú ìtàn kan jáde pé ẹni ìrúbọ ni Ọbańta náà. Ifẹ̀ kò gbà, Ìjẹ̀bú kò gbà, wọ́n sì ní ìtàn tiwọn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu kì í ṣe pé ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ààfin kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń sọ nípa ààfin kejì nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bó ṣe ń rìn jìnnà sí Ọ̀yọ́ ni baba ńlá àwọn ọba ń kéré sí i. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí kò sin Aláàfin lójú dídì. Ó pe Aláàfin Káran ní ìkà, ó sì sọ ìwà ìkà rẹ̀. Ó bú ọba Ọ̀yọ́ nígbà tó bá tọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó jókòó síbòmíràn yàtọ̀ sí Ọ̀yọ́ láti wo ayé, ìyẹn ló sì ṣòro jù láti rí nínú ìwé, torí pé kò sí gbólóhùn kan tí èèyàn lè nawọ́ sí.

Èkó rọrùn jù láti fi kọ́ni. Nínú ìwé tí ìhà kan bá kọ, Akíntóyè ni ọba tó fẹ́ kí òwò ẹrú dópin, Kòsọ́kọ́ sì ni òṣìkà tó lé e jáde. Ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí Kòsọ́kọ́ sá lọ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá wó Èkó ní December 1851, Kòsọ́kọ́ ni akọni tó kọjú ìjà sí òyìnbó, Akíntóyè ni ẹni tó ké sí àjèjì wá sínú ilé. Ọdún kan náà, ìbọn kan náà. Mo ti gbọ́ méjèèjì lẹ́nu àwọn tí kì í ṣe òpùrọ́.

Ẹni tó bá wá rò pé àwa nìkan la ń fi ọba ṣe báyìí, kó wo ọba Gẹ̀ẹ́sì tí orí rẹ̀ wà lára ṣílè tí àwọn bàbá wa ń ná, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ààfin gbé iṣẹ́ ìwé ìtàn rẹ̀ fún Harold Nicolson. Akọ̀wé ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, Alan Lascelles, ti kọ́kọ́ là á sílẹ̀ fún un: wọn ò ní ní kó kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, wọn ò ní ní kó yìn ín tàbí kó bù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá lè dójú ti ọba, kó fò ó. Nígbà tí mo kà á, mo rántí rúlà tíṣà yẹn. Ẹ ò rí i pé kò béèrè fún irọ́ kankan. Nicolson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀ pé fún ọdún 17, kí ọkùnrin yìí tó gorí ìtẹ́, kò ṣe nǹkan kan ju kó pa ẹran ìgbẹ́ kó sì máa lẹ sítáǹbù mọ́ ìwé. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1952, ó gbayì, ó sì jẹ́ ìwé tó dára lóòótọ́. Ẹran ìgbẹ́ àti sítáǹbù kò sì pa á lára.

Ohun tó fò kò kéré. Ní 1917, nígbà tí wọ́n yọ Nicholas kúrò lórí ìtẹ́ ní Rọ́ṣíà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ní àwọn á gbà á sọ́dọ̀. Ọmọ ìyá ni ìyá rẹ̀ àti ìyá Jọ́ọ̀jì. Jọ́ọ̀jì ló rọ ìjọba rẹ̀ kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, torí ó ń bẹ̀rù pé inú lè bí àwọn ará ìlú tirẹ̀ náà. Wọ́n pa Nicholas, ìyàwó àti ọmọ wọn ní 1918. Ó di 1983 kí ìwé Kenneth Rose tó jáde kí ayé tó mọ ọwọ́ tí ọba fúnra rẹ̀ ní níbẹ̀.

Ti ikú rẹ̀ tún lágbára jù. Ní alẹ́ 20 January 1936, dókítà rẹ̀, Lord Dawson, kọ gbólóhùn tí wọ́n kà lórí rédíò káàkiri ayé, pé ẹ̀mí ọba ń lọ sópin rẹ̀ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ló fún un ní abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì àti kokéènì. Ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: kí ikú ọba má fa gùn jù kó má bàa tàbùkù iyì rẹ̀, àti kí ìròyìn ikú náà lè kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn tó níyì láàárọ̀, kì í ṣe nínú àwọn ti ìrọ̀lẹ́. Ó tilẹ̀ ti ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n sọ fún ìwé ìròyìn Times kí wọ́n dúró díẹ̀. Ẹni tó kọ ìtàn ìgbésí ayé dókítà yìí ní 1950, Francis Watson, mọ̀ nígbà náà. Opó dókítà bẹ̀ ẹ́ kó má kọ ọ́. Ó pa á mọ́ra di 1986.

Àwa la sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ká má parọ́. Wọ́n ní Ṣàngó so ní ìdí igi àyàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kọ̀wé láti fi já a nírọ́. Wọ́n lọ wá oògùn lọ́dọ̀ àwọn Ìbàrìbá, àrá ń ṣán lé òrùlé ẹni tó bá ń sọ pé ọba so, títí gbogbo ìlú fi gbà pé ọba kò so. Kò sí olóòtú ìwé tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Níbi iṣẹ́ mi báyìí, bí wọ́n bá gbé ìwé ìtàn ọba fún mi, ojú-ìwé tó sọ nípa ẹni tó jẹ ṣáájú rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹni yẹn bá jẹ́ ọ̀lẹ tàbí òǹrorò tí kò ṣe ohun rere kankan, mo ti mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ń wá ẹjọ́. Mo ń lọ sọ́dọ̀ ìdílé ọlọ́ba kejì, màá jẹun wọn, màá gbọ́ tiwọn, màá sì mọ̀ pé tiwọn náà ní ibi tó tẹ̀ sí. Mo ń lọ ka fáìlì ajẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi wọ́n ṣe Bíbélì. Ọba tó bá tètè kó owó orí wọlé, ajẹ́lẹ̀ á kọ ọ́ pé ọlọgbọ́n ni, ó ní làákàyè. Èyí tó bá ń bá wọn jiyàn, wọ́n á ní ó ti darúgbó, àwọn olóyè ló ń tì í. Òyìnbó náà ní Kábíyèsí tó wù ú.

Mo sì ń ṣọ́ra fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ òdìkejì. Wọ́n pọ̀ báyìí. Wọ́n á ka fáìlì kan, wọ́n á rí i pé ọba kan ní ẹrú, wọ́n á wá kọ ọ́ bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo tó ṣe láyé nìyẹn, wọ́n á gbàgbé pé òun náà ló gba àwọn tí ogun lé wá, tó fún wọn nílẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan jà nítorí rẹ̀. Ó ní ìyìn ló ti bà mí lójú jẹ́. Mo ní kó lọ bá àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n fún nílẹ̀ náà sọ̀rọ̀. Ó lọ, ó padà wá pẹ̀lú ìwé tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì tún sàn jù ú lọ. Ó ṣì kórìíra ọba náà. Kò burú, ó ti mọ ẹni tó ń kórìíra.

Níní ìfẹ́ ọba tí èèyàn ń kọ nípa rẹ̀ kò ṣeé sá fún, mi ò sì rò pé ó yẹ ká sá fún un. Ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ní sùúrù láti jókòó ti àgbà olóyè kan fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin kó tó rántí orúkọ ẹṣin ọba. I. B. Akínyẹlé kọ ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, òun fúnra rẹ̀ sì di Olúbàdàn ní 1955. Ẹ kì í retí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé bí àlejò. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ni kó jẹ́ kí n mọ ibi tó jókòó sí. Johnson sọ tirẹ̀: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sọ ìtàn fún un, ó dárúkọ wọn, ẹni tó bá kà á mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Púpọ̀ nínú ìwé ààfin òde òní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Ìtàn sọ fún wa pé" ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ìtàn ní ẹnu. Mo máa ń fi báírò pupa kọ "ta ni?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ìwé tó wà lórí tábìlì mi lọ́wọ́lọ́wọ́, ti ọba kan tó ti wàjà ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá. Àwọn olorì ni mo ń bá wọn fà báyìí. Nínú ìwé irú èyí, olorì kì í ju fọ́tò lọ: wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, aṣọ kan náà, gèlè kan náà. Bẹ́ẹ̀ Johnson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé Ìyá Kéré ló ń tọ́jú ohun ọ̀ṣọ́ ọba ní Ọ̀yọ́, tó sì ń fi adé lé Aláàfin lórí. Bínú bá bí i, ó lè kọ̀ láti gbé e jáde. Johnson yìí kan náà sì ka Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ mọ́ ọkùnrin, nígbà tí àwọn tó lọ gbọ́ ìtàn ní Ọ̀yọ́ àti Ìgbòho lẹ́yìn náà gbọ́ pé obìnrin ni. Bí irú ìyẹn bá lè fò mọ́ Johnson lọ́wọ́, kí ni kò ní fò mọ́ ìgbìmọ̀?

Mo lọ bá olorì àgbà nílé. Ó ti lé ní ọgọ́rin, etí rẹ̀ ṣì mú. Àwọn ọmọ ti sọ fún mi pé Kábíyèsí fọwọ́ ara rẹ̀ parí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú àti ìlú kejì, pé ó dá lọ pàdé ọba kejì lóru. Màmá gbọ́, ó ní, "Ó dá lọ?" Ó nawọ́ sí olorì kejì tó ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò ọba kejì ni. Òun ló kọ́kọ́ lọ sílé, ó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, òun ló bá wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi gbà kí Kábíyèsí wá. Olorì kejì kò gbójú sókè. Ó ní ẹ̀gúsí tọdún yìí kò dára.

Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ní ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn olorì làwọn sanwó fún. Ojú-ìwé méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún olorì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú fọ́tò. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ogún. Wọ́n ti dé mẹ́fà, a ṣì ń nájà.